Ẹni Tí Àdéhùn Rẹ̀ Ti Parí

Mi ò ní dárúkọ ara mi níbí. Mi ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ariwo náà dá lé lórí, nítorí bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ìdajì ẹ̀yin tó ń kà á yóò pa ìwé dé, ìdajì tó kù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹgbẹ́ wa. Ní ṣọ́ọ̀bù Uncle Wàsíù ní Woolwich, bí wọ́n ṣe ń pè é náà nìyẹn, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, tí wọ́n sì ti kábàámọ̀.

Uncle Wàsíù, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni onígbàjámọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Oṣù kẹta ni mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, torí pé irun mi ti kún, mo sì gbọ́ Yorùbá láti ojú títì. Irun mi ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ, irun ì báà kún, kó má kún. Àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí. Mo fẹ́ máa rí ẹni tó ń wọlé, mo sì fẹ́ mọ̀ pé mo lè tètè jáde. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Kí n tó rí ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo ti lo oṣù márùn-ún ní Thamesmead North, nínú yàrá kan, nílé tí èèyàn mẹ́rin ń gbé tí a kì í pàdé àfi lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí ọkùnrin tó ń gbé ilé kejì láàárọ̀. Mo bèèrè bó ṣe sùn, mo bèèrè ìyàwó, mo bèèrè ọmọ. Ó yọ nǹkan tó kì bọ etí, ó wò mí, ó ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mi orí nìkan. Lọ́jọ́ kejì mo rí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá tó ń gbé etí omi ládùúgbò náà. Wọ́n ń rìn gba àárín títì kọjá, mọ́tò méje dúró dè wọ́n, kò sí ẹni tó fọn fèrè. Mo ní ìlú tó bá lè dúró de pẹ́pẹ́yẹ, kò ní pa mí.

Ṣùgbọ́n ara mi ò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin bàńgà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe é lọ́dọọdún. Mo dojú bolẹ̀ nínú balùwẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, títí ọ̀kan nínú àwọn ará ilé fi kan ilẹ̀kùn pé òun fẹ́ wẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ni títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ìyá òyìnbó kan wà ní Tavy Bridge tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ sí àádọ́rùn-ún. Fún oṣù méjì, inú síńkì ló ń da tíì mi sí. Lónìí, ó gbóná jù. Lọ́la, mílíìkì rẹ̀ kéré jù. Lọ́jọ́ kan, ó mu ún tán. Ó gbé kọ́ọ̀bù fún mi, ó sì pe orúkọ mi, orúkọ tí ìyá mi sọ mí, kò ṣì í pè. Mo wọ ilé ìdáná, mo ń fọ kọ́ọ̀bù tó ti mọ́. Nígbà tí mo pe ìyàwó mi, Ìyá Tólú, mo ròyìn rẹ̀ fún un.

"Torí tíì lo ṣe ń sunkún?" ó ní.

Mo ní kì í ṣe torí tíì.

*

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo sá kúrò nídìí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Mo máa sọ ọ́ ní kúkúrú.

Nílé, akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ni mí, ní ìlú kan lápá Òkè-Ògùn. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, èmi ni mo ń wá bọ́ọ̀sì, èmi ni mo ń bá kóòṣì jà lórí ẹni tó yẹ ká gbà àti ẹni tó yẹ ká jọ̀wọ́. Kóòṣì ò fẹ́ rí agbábọ́ọ̀lù iwájú kan tó ń jẹ́ Kọ́lá sójú. Kọ́lá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ti parí, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì máa ń wú bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo ní a máa gbà á. Mo ní ẹni tó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí, kò nílò eré sísá. Wọ́n gbọ́ tèmi. Góòlù mọ́kànlá ló gbá wọlé fún wa lọ́dún náà.

Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń bọ̀ láti ibi ìdíje, àwọn oníbọn dá bọ́ọ̀sì wa dúró. A fọ́n ká sínú igbó. Èmi àti Kọ́lá la jọ ń sáré. Mo gbọ́ tó ní, "Akọ̀wé, ẹ dúró dè mí." Mi ò dúró. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà nínú bọ́ọ̀sì náà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló padà wálé.

Nǹkan kan tún wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo kọ ọ́ sórí fóònù fún gbogbo àwọn alátìlẹ́yìn wa, ọ̀nà tí a máa gbà àti àkókò tí a máa kọjá, kí wọ́n lè jáde wá kí wa. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó kà á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ ẹnu mi.

*

Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mọ̀ pé ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fura sí. Ní Sátidé kẹta tí mo lọ, Dèjì kọjú sí mi. Dèjì ń wa bọ́ọ̀sì, Woolwich níbí ni wọ́n bí i sí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Uncle, o ò sọ̀rọ̀ rárá. Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?"

Auntie Sídí yí orí sí i lábẹ́ kílípà. Òun nìkan ni obìnrin tó ń wá gẹ irun níbẹ̀. Ó máa ń gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ní orí òun ò ní àyè fún wàhálà méjì, bọ́ọ̀lù nìkan ti tó o.

"Ta lò ń sọ 'o' fún? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Sorry, Auntie. Uncle, ẹ ò sọ̀rọ̀ rárá. Ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Uncle Wàsíù pa kílípà. "Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Láìnsìmán ni. Ẹ ò rí i pé etí pápá ló máa ń wà? Ó ń wo gbogbo wa, kò bá ẹnikẹ́ni dá sí i."

Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ mi nìyẹn. Ká sọ òótọ́, inú mi dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ mí lórúkọ.

Mo máa ń gbọ́ wọn, mo sì máa ń jowú ọ̀rọ̀ "wa" tó wà lẹ́nu wọn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà yìí ò mọ̀ wọ́n. Kò sí ẹni níbẹ̀ tó mọ̀ pé Wàsíù onígbàjámọ̀ kì í lè jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdánù. Síbẹ̀, tiwọn ni. Èmi tí mo ní ẹgbẹ́ tó mọ̀ mí, tí ìyá àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ń pè mí ní ọmọ, mi ò lè pè é ní tiwa mọ́.

*

Lóṣù kẹfà, ilé-iṣẹ́ tó gbà mí wá pàdánù ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba àwọn tó wá láti òkè òkun síṣẹ́. Iṣẹ́ parí lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ìjọba dé: mo ní ọgọ́ta ọjọ́ láti rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbà mí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ sílé. Ilé tí mo gbọ́ ohùn Kọ́lá sí kẹ́yìn.

Wọ́n gba báàjì orúkọ mi lọ́wọ́ mi. Wọn ò rántí bèèrè aṣọ iṣẹ́.

Láàárín àwa Yorùbá tó wà níhìn-ín, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. O lè sọ àìsàn rẹ síta. O lè sọ ìjà ìwọ àti ìyàwó rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páálí, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kéèyàn dúró ní ìlú yìí, inú ni í gbé. Nínú ìjọ, wọ́n á ní kó o gbàdúrà, wọn ò ní bèèrè ohun tó o ń gbàdúrà lé lórí. Ní ṣọ́ọ̀bù, o lè mọ ẹnì kan fún ọdún mẹ́wàá kó o má mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo bá òfin náà nílẹ̀, ó sì bá mi lára mu ju bó ṣe bá ẹnikẹ́ni mu lọ.

Nítorí náà, ní gbogbo àárọ̀, mo ń wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù yẹn, mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich, mo ń wọ ọkọ̀ ńlá tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò. Ọ̀fẹ́ ni. Mo ń sọdá, mo ń padà. Ọkọ̀ náà kì í lọ síbì kankan ju etí kejì lọ, bó bá sì débẹ̀, á tún padà. Ó bá mi mu. Nílé, wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́, mi ò sì lè gbé ibẹ̀. Níbí, mo lè sùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ mí.

Ní ọ̀sán, Ìyá Tólú á pè, fóònù olójú sójú.

"Ṣé wọ́n ti fún yín láàyè jẹun?"

"Wọ́n ti fún wa."

"Ìyá arúgbó yẹn ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa. Ó ti mu tíì rẹ̀."

"Kí ni omi tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn?"

"Ọ̀nà ibiṣẹ́ ni."

Á wò mí láti ọrùn délẹ̀, á ní, "Ó dáa. Ṣe pẹ̀lẹ́." Mo rò pé àárẹ̀ ló ń mú un.

Lọ́jọ́ kan mo lọ dúró sí ìsàlẹ̀ ilé ìyá òyìnbó náà ní Tavy Bridge. Mo rí ọwọ́ ẹnì kan tó ń ṣí kọ́tìnnì rẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí ẹni náà rántí mílíìkì. Mo rìn lọ kí ẹnì kan má bàa bi mí pé kí ni mò ń wá.

Mo wá iṣẹ́ káàkiri. Wọ́n á wo ìwé mi, wọ́n á yin ìrírí mi, wọ́n á sì bi mí bóyá mo nílò ẹni tó máa ṣe onígbọ̀wọ́ mi lọ́dọ̀ ìjọba. Bí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn wọn á yí padà. Ẹnì kan wo ọjọ́ orí mi, mo ti lé ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, ó bi mí bóyá ẹ̀yìn mi ṣì lágbára láti gbé èèyàn. Ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ogójì ọjọ́ lọ.

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógójì bọ́ sí Sátidé. Ìgbà yẹn ni ìsinmi láàárín sáà bọ́ọ̀lù kan sí òmíràn, nígbà tí ẹgbẹ́ kálukú ń ra agbábọ́ọ̀lù, tí àwọn alátìlẹ́yìn sì ń fi ẹnu ra tiwọn. Ṣọ́ọ̀bù Uncle Wàsíù ti gbóná kí n tó dé. Àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn ń dúró dè mí.

Auntie Sídí ló wà lábẹ́ kílípà. "Aṣọ́lé mẹ́ta!" ó ń pariwo. "Aṣọ́lé mẹ́ta ni máníjà yìí rà, kò ra ẹnì kan tó lè gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ṣé ó fẹ́ fi aṣọ́lé sọgbà ni?"

"Auntie, ẹ má mi orí," Uncle Wàsíù ní. "Etí yín ni mo fẹ́ gé yẹn."

"Gé e! Kí ni mo fẹ́ fi gbọ́? Ìròyìn pé a tún ra aṣọ́lé kẹrin?"

Dèjì gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́. Wọ́n ní a ń bá Àgbà sọ̀rọ̀."

Àgbà ni wọ́n ń pe agbábọ́ọ̀lù iwájú kan tí gbogbo ayé mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún márùndínlógójì. Àdéhùn rẹ̀ ti parí níbi tó wà, kò ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ tó bá wù ú ló lè lọ, bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ẹ.

"Ká gbà á lọ́fẹ̀ẹ́?" Uncle Wàsíù ní. "Kò burú."

"Kò burú báwo?" Dèjì dìde. "Orúnkún ẹ̀ ti rí abẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì! Bó bá sáré, ẹ máa rò pé replay ni wọ́n ń ṣe. Oṣù méjì ló ti ń wá ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n rí. Knee yẹn ti kú, Uncle. Kó máa lọ sílé ẹ̀."

"Òótọ́ ló sọ," ẹnì kan ní láti ẹ̀yìn. "Ta ló ń gba arọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé mo ti dìde.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," mo ní.

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Dèjì fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wá kígbe: "Ha! Láìnsìmán ti gbé àsíá sókè o!"

Ẹ̀rín ńlá sọ. Ó yẹ kí n jókòó. Ṣùgbọ́n Auntie Sídí na ìka sí wọn láti abẹ́ aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. "Ẹ pa ẹnu yín dé. Láti oṣù kẹta ló ti ń jókòó síbí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó rí."

Mo sọ ọ́. Mo ní kì í ṣe orúnkún la fẹ́ gbà. Mo ní ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ ìdíje pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi í pamọ́ di ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, nígbà tó bá ti rẹ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ọdún kan péré ni kí ẹ bá a ṣe àdéhùn fún, ẹ má jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan, ẹ má jẹ́ kó dúró nínú òtútù lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti àwọn ọmọdé nínú bọ́ọ̀sì, nítorí ohun tó máa sọ fún wọn níbẹ̀, kò sí kóòṣì tó lè kọ́ wọn. Ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ti kọ̀, mo ní, bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un, kò ní gbàgbé ọwọ́ tó ṣí i.

Dèjì jókòó padà.

"Uncle," ó ní pẹ̀lẹ́, "níbo lẹ ti mọ gbogbo èyí?"

"Akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni mí nílé. Mo gba irú ẹ̀ rí. Kọ́lá lorúkọ rẹ̀. Góòlù mọ́kànlá."

"Wow. Kọ́lá yẹn ńkọ́ báyìí? Ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù?"

Mo ṣílẹ̀kùn tó wà lẹ́bàá mi, mo jáde sí títì.

*

Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ ọjà kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà. Auntie Sídí ni. Aṣọ onígbàjámọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ àlùfáà, ìdajì orí rẹ̀ dán, ìdajì kejì kún fún irun. Àwọn èèyàn ń wò ó. Kò bìkítà.

"Dèjì ò ní ọgbọ́n," ó ní, ó ń mí. "Má dá a lóhùn. Ẹni tó ń jẹ́ Kọ́lá yẹn ti kú, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan lò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ nínú ibẹ̀ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó pọ̀. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mo rántí ohun tí mo kọ sórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọdún méjì ni mo fi sọ fún ara mi pé mi ò tún ní sọ ọ̀nà tí mò ń gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sì rí obìnrin tó fi ìdajì orí jáde sí àárín Woolwich nítorí mi.

"Àdéhùn mi ti parí, Auntie," mo ní. "Ibiṣẹ́ tó gbà mí wá ti pàdánù àṣẹ wọn. Bí mi ò bá rí ibòmíràn, màá padà sílé. Mi ò lè padà sílé."

"Iṣẹ́ wo?"

"Títọ́jú àwọn arúgbó."

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́rìndínlógún."

Auntie Sídí fi ọwọ́ méjèèjì lu itan. "Yéè! Ọkùnrin yìí fẹ́ pa ara ẹ̀! Èmi ni igbákejì máníjà ilé àwọn arúgbó kan ní Thamesmead East. A ní àṣẹ. Láti oṣù kẹrin la ti ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ mi lo ń jókòó sí! Mo ti fi gúgúrú lọ̀ ọ́ rí!"

"Ẹ ò sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, Auntie."

"Ìwọ bèèrè?" Ó fi etí aṣọ náà nu ojú. "Mi ò kì í sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á fẹ́ kí n bá wọn wá páálí. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ ní Sátidé." Ó wò mí. "Èmi náà ní ẹ̀bi, àbí?"

Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwa méjèèjì pa òfin náà mọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan nínú wa.

"Mi ò ṣèlérí," ó ní. "Òyìnbó ni ọ̀gá mi. Ó máa dán ẹ wò. Mi ò ní sí níbẹ̀."

*

Ọ̀gá náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ jígí, bèèrè ohun tó yẹ kó bèèrè. Mo dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó wá gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, bí aago iná bá dún, tí gbogbo èèyàn ń jáde, tí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dáa, tí kò lè yára, kí ni màá ṣe?

Mo mọ ìdáhùn tó wà nínú ìwé. Ó gùn, ó ní ìpele ìpele. Mo gbìyànjú láti rántí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù.

"Mi ò ní sáré ju òun lọ," mo ní.

Ó tún mú bírò. Ó ní kí n sọ gbogbo ìpele tó kù, mo sì rántí wọn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló kọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàléláàádọ́ta, ìwé onígbọ̀wọ́ dé. Auntie Sídí jókòó tì mí bí mo ṣe ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Lẹ́yìn náà, ká dúró ló kù. Mo ṣì ń wọ aṣọ búlúù lọ sí etí odò láràárọ̀. Ẹni tó ti purọ́ dé àárín kì í mọ ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ò gba Àgbà. Ẹgbẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ tábìlì ló gbà á. Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo ní kí wọ́n má ṣe gan-an. Kò lò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ tó fi di orúnkún mú. Lọ́jọ́ Sátidé náà, Dèjì gbé tówẹ́ẹ̀lì kan fì lójú mi.

"Láìnsìmán! Ọwọ́ òdì lẹ gbé àsíá sí!"

"Kóòṣì wọn ni," mo ní. "Ó yẹ kí wọ́n fi í sórí bẹ́ńṣì."

"Ṣé ẹ rí i, ó ti ń jiyàn!" Uncle Wàsíù ní. "Ta ló jí i?"

Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn tó di orúnkún mú lórí koríko, tí ẹnì kan sì kúnlẹ̀ tì í.

*

Àṣẹ ìjọba dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan. Mo wà ní etí adágún tó wà ní Thamesmead, lórí bẹ́ńṣì. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò wọ aṣọ iṣẹ́. Sùẹ́tà ni mo wọ̀. Nígbà tí Ìyá Tólú pè, mi ò dúró kó kí mi tán.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní láti oṣù kẹfà ni mi ò ti níṣẹ́. Mo ní kò sí ìyá arúgbó mọ́, kò sí tíì mọ́, orí odò ni mo máa ń wà. Mo ní wọ́n ti wá gbà mí síbòmíràn báyìí, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó má bínú.

Ó sún fóònù mọ́ ojú.

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀," ó ní. "Báàjì rẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. Aṣọ náà sì ń mọ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń wẹ arúgbó, tó ń fún wọn lóúnjẹ, ibo ni omi ọbẹ̀ wà lára rẹ̀?"

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́?"

"Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, o ò ní gbé fóònù mọ́."

Pẹ́pẹ́yẹ kan gun etí bèbè, ó gbọn omi dànù lára. Òun lọ́hùn-ún, èmi níhìn-ín, a ń wo ara wa.

"Ní ọjọ́ Mọ́ńdè," ó ní, "aṣọ tó dọ̀tí ni kó o wọ̀ pè mí."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bàbá arúgbó kan tí kò mọ̀ mí rárá ti ọwọ́ mi kúrò lẹ́nu rẹ̀, ọbẹ̀ tòmátì sì dà sí mi láyà. Mo tọrọ gáfárà. Mo nu tirẹ̀. Mi ò nu tèmi. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo jáde sẹ́yìn ilé, mo pe ìyàwó mi, mo sì sọ fóònù náà kalẹ̀ sí àyà mi kó lè rí i dáadáa.